Gbèsè Odò: Láti Ọ̀yún dé Odò Ọya

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi là bù wẹ̀, omi là bù mu, ẹnì kan kì í bá omi ṣọ̀tá. Òótọ́ ni òwe náà pa, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Ó sọ ohun tí ènìyàn ń gbà lọ́wọ́ omi. Kò sọ ohun tí omi ń retí lọ́wọ́ ènìyàn. Ìdajì kejì wà nínú ìtàn kan tí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan, tí àwọn ará Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara sì máa ń fi yangàn, nítorí pé ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú wọn sọ pé ọmọ wọn ni ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí. Ẹni náà ni Mọrèmi.

Nígbà tí àwọn ará Ùgbò ń fi ìko bora bí iwin, tí wọ́n ń kó àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ lẹ́rú lọ, Mọrèmi, tí ó ti di aya ọba níbẹ̀, tọ odò Ẹsìnmìrìn lọ. Ó bẹ odò náà pé kí ó ran òun lọ́wọ́ láti mọ àṣírí àwọn ọ̀tá. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tí odò bá béèrè ni òun yóò fi dúpẹ́. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí wọn, ó sá padà, àwọn ará Ifẹ̀ sì fi ògùṣọ̀ iná ṣẹ́gun àwọn tí wọ́n fi ìko bora. Lẹ́yìn náà ni Mọrèmi mú ẹran lọ sí etí odò. Odò kọ ẹran. Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ni odò béèrè, ó sì san án.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń fà yọ nínú ìtàn yìí ni fífi ara ẹni jìn fún ìlú. Ẹ̀kọ́ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ó kan omi gan-an. Mọrèmi gba ìrànlọ́wọ́ odò kí ó tó béèrè iye tí òun yóò san. Iye náà kò hàn sí i àfi ìgbà tí iṣẹ́ ti parí, tí kò sì sí ọ̀nà àtiyí ọ̀rọ̀ padà. Bí a bá wo ìtàn àwọn odò tí wọ́n sé ní Nàìjíríà láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni a ó rí. Wọ́n kọ́kọ́ gba ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ odò; ẹ̀yìn èyí ni iye gbèsè tó bẹ̀rẹ̀ sí hàn.

Ibi tí Ọ̀fà wà mú kí ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú náà gbọ̀ngbọ̀n. Agbègbè rẹ̀ jẹ́ ibi tí omi òjò ti ń pín ọ̀nà. Èyí tí ó bá bọ́ sí ọ̀nà gúúsù a wọ odò Ọ̀tìn, a sì bá a lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣun títí dé ọ̀sà etí òkun. Èyí tí ó bá bọ́ sínú odò Ọ̀yún a dorí kọ àríwá, a gba ìhà Ìlọrin kọjá, a sì dara pọ̀ mọ́ àwọn odò mìíràn tí wọ́n ń lọ sínú Odò Ọya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní Ọ̀fà kò jìnnà sí Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí Ọya. Ohun tí ó bá ṣe sí omi ilẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a ní ìsàlẹ̀.

Kì í ṣe òní ni àwọn ará agbègbè yìí ti mọ̀ pé odò ní ìgbà tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ọmọ ogun Ìbàdàn bá ọmọ ogun Ìlọrin àti àwọn alájọṣe wọn pàdé ní Ìkìrun, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Àwọn tí ń sá lọ bá odò Ọ̀tìn tí ó kún dé etí, nítorí pé àkókò òjò kò tíì jìnnà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn já lu omi náà, omi sì gbé wọn lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Ogun Jálumi títí di òní. Odò tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ là kọjá nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni ó di ikú fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun lẹ́yìn òjò. Bí odò ilẹ̀ Yorùbá ti máa ń rí nìyẹn: a kún, a fà, a tún kún.

Kíkún àti fífà yìí kì í ṣe àléébù odò. Òun gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí odò bá kún kọjá bèbè, ó ń gbé ẹrẹ̀ ọlọ́ràá lọ sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àrọ̀ àti àwọn ẹja mìíràn a bá omi náà wọ inú koríko, wọn a yé ẹyin wọn síbẹ̀, àwọn ọmọ ẹja a sì rí oúnjẹ àti ibi ìsádi lọ́wọ́ àwọn ẹja ńlá. Nígbà tí omi bá fà, àwọn ẹja a padà sínú odò, ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ a sì di àkùrọ̀. Nínú àkùrọ̀ ni àgbẹ̀ ti ń gbin ẹ̀fọ́, àgbàdo, ilá àti ìrẹsì nígbà tí oko orí òkè ti gbẹ. Ibẹ̀ náà ni àwọn darandaran ti ń rí koríko tútù fún màlúù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹkún odò kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ apẹja, àgbẹ̀ àti darandaran, tí ó sì ń fi omi kún inú kànga gbogbo wọn.

Àwọn baba ńlá kò kọ òfin odò sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni láti pa ẹja inú odò náà. Ní Argungu, ní ilẹ̀ Kebbi, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹja ní apá kan odò títí di ọjọ́ ọdún ìpẹja. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ pé ọ̀rọ̀ òrìṣà tàbí ọ̀rọ̀ ọba nìwọ̀nyí. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún odò hàn kedere: wọ́n yọ apá kan sílẹ̀ nínú ohun tí ènìyàn lè kó, kí odò lè máa jẹ́ odò.

Ọdún 1964 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yí padà lọ́nà tí ojú kò rí rí. Ní ọdún náà, nígbà tí Ọ̀fà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Àríwá, wọ́n sé odò Ọ̀yún ní Ọ̀fà kí àwọn ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ lò. Ní ọdún kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí dáàmù ńlá ní Káínjì lórí Odò Ọya. Ní ọdún kan náà sì ni àwọn orílẹ̀-èdè tí Odò Ọya àti àwọn ọmọ odò rẹ̀ ń ṣàn kọjá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Niamey, tí wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó odò náà papọ̀. Dáàmù kékeré, dáàmù ńlá àti ìwé àdéhùn: ọdún kan ni ó bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n wọn kò dàgbà bákan náà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré oore tí dáàmù Ọ̀yún ṣe. Ẹni tí ó bá rántí sòbìà yóò mọ ohun tí omi mímọ́ jẹ́. Àrùn náà, tí ó ń wọ ara ènìyàn láti inú omi adágún tí kò mọ́, sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní àwọn abúlé Kwara di arọ ní àkókò iṣẹ́ oko, ó sì lé ọ̀pọ̀ ọmọdé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Omi ẹ̀rọ àti kànga tó dára wà lára ohun tí ó lé e lọ. Ìlú tí ó bá sé odò kí ọmọ rẹ̀ má baà mu ikú kò dẹ́ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi tí ó dúró kì í hùwà bí omi tí ń ṣàn. Àwọn onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí inú omi ní Yunifásítì Ìlọrin ti ṣe ìwádìí lórí adágún Ọ̀yún ní Ọ̀fà. Ohun tí wọ́n rí ni pé òjò ń wẹ ajílẹ̀ òyìnbó láti inú àwọn oko àyíká, àti ìgbẹ́ màlúù, wọ inú adágún náà. Nínú odò tí ń ṣàn, omi ìbá gbé púpọ̀ nínú wọn lọ. Nínú adágún, wọ́n dúró, wọ́n sì di oúnjẹ fún èwe omi. Èwe omi a pọ̀ jù. Nígbà tí ó bá kú, tí ó bá ń jẹrà, a máa lo afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi mú oko sanra ṣe lè mú odò ṣàìsàn.

Ohun kejì ni ti àwọn tí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀. Odò Ọ̀yún kò parí sí Ọ̀fà. Nígbà tí Yunifásítì Ìlọrin kọ́ ọgbà rẹ̀ títí láé, orí odò Ọ̀yún yìí kan náà ni wọ́n sé dáàmù tirẹ̀ sí. Ó túmọ̀ sí pé omi tí Ọ̀fà bá jẹ́ kí ó kọjá, mímọ́ tàbí àìmọ́, púpọ̀ tàbí díẹ̀, ni àwọn abúlé àti ọgbà ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ yóò bá. Ìlú kan ni ó ni dáàmù, ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí ó ni odò.

Bí gbèsè odò kékeré bá ṣòro láti rí, ẹni tí ó bá fẹ́ rí i kedere lè tẹ̀lé ojú irin. Ojú irin tí ó gba Ọ̀fà kọjá dé Jẹ́bà ní ọdún 1909, ní etí Odò Ọya. Odò yìí bẹ̀rẹ̀ láti àwọn òkè ilẹ̀ Guinea, ó sì rin nǹkan bí 4,180 kìlómítà kí ó tó dé òkun. Lójú àwọn tí wọ́n ń gbé etí rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń kún lọ́dún. Ẹkún àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní ẹkún funfun. Láti inú òjò tí ń rọ̀ nítòsí ni ó ti ń wá, ó máa ń gbé ẹrẹ̀ púpọ̀, ó sì máa ń ga jù ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Ẹkún kejì ni ẹkún dúdú. Omi òjò Guinea ni èyí, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù rin àwọn àbàtà ńlá ilẹ̀ Mali, tí ó ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tí omi rẹ̀ sì mọ́ nígbà tí ó bá dé Nàìjíríà nínú ọyẹ́. Ẹkún méjèèjì yìí ni kàlẹ́ńdà àwọn Tápà tí wọ́n ń gbé Jẹ́bà, Pàtígì àti gbogbo ìsàlẹ̀ odò títí lọ sí Lọ́kọ́ja. Òun ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí wọn yóò gbin ìrẹsì àti ìgbà tí wọn yóò dẹ àwọ̀n.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968, wọ́n ti odò náà pa ní Káínjì. Ní oṣù kejì ọdún 1969, Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣí dáàmù náà. Adágún tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn tó 136 kìlómítà, ó sì bo ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 1,250 kìlómítà níbùú lóòró. Ìlú Búsà àtijọ́, níbi tí Mungo Park ti kú ní ọdún 1806, wọ abẹ́ omi. Ó ju 40,000 ènìyàn lọ tí wọ́n kó kúrò ní ilé baba wọn. Káínjì wà nínú Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà náà. Ọdún 1991 ni Borgu tó di ara Ìpínlẹ̀ Niger.

Ìjọba kọ́ ilé tuntun fún àwọn tí omi bo ìlú wọn, ní Búsà Tuntun àti ní àwọn ibòmíràn. Iná mànàmáná sì wá. Ẹ̀rọ tí wọ́n tò sí Káínjì lè pèsè 760 mẹ́gáwọ́ọ̀tì, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé iṣẹ́ àti ilé ìwòsàn káàkiri Nàìjíríà sì gbára lé e. Ẹja pọ̀ nínú adágún náà ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dínkù gidigidi kí ọdún 1980 tó dé. Gbogbo ìwọ̀nyí ni àwọn tí ó kọ́ dáàmù náà kọ sínú ìwé ìṣirò wọn. Àwọn tí wọ́n wà ní òkè dáàmù, tí omi bo ilé wọn, wọ̀nyẹn náà wọ inú ìṣirò, nítorí pé ojú rí wọn.

Àwọn tí kò wọ inú ìṣirò ni àwọn ará ìsàlẹ̀. Omi kò bo ilé wọn. Ńṣe ni omi kọ̀ láti wá. Kí adágún Káínjì lè kún, ẹkún funfun ni wọ́n ń dì mú lẹ́yìn dáàmù. Ẹrẹ̀ ọlọ́ràá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú. Omi tí ó wá ń dé ìsàlẹ̀ jẹ́ omi tí ẹ̀rọ ti lò, tí ó ń jáde gẹ́gẹ́ bí ìlú ti nílò iná, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àkókò ti yí. Ọ̀pọ̀ àkùrọ̀ tí ó máa ń rí omi lọ́dọọdún kò rí i mọ́. Àwọn olùwádìí ròyìn pé láàrin ọdún 1967 sí 1969, ẹja tí wọ́n ń pa láàrin Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja fi nǹkan bí ìdajì dínkù. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ilé tuntun fún apẹja tí odò rẹ̀ ṣì wà níwájú ilé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹja inú rẹ̀ ti lọ.

Níbí ni ìtàn Káínjì ti yàtọ̀ sí ìtàn Mọrèmi. Mọrèmi kò béèrè iye tí òun yóò san, ṣùgbọ́n nígbà tí gbèsè dé, ọmọ tirẹ̀ ni ó fi san án. Ní Káínjì, ẹni tí ó jẹ oore náà wà ní ìlú ńlá, ó ń tan iná; ẹni tí ó san gbèsè wà ní Pàtígì, ó ń wo àwọ̀n òfìfo. Ẹnì kan jẹ gbèsè, ẹlòmíràn san án, wọn kò sì mọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1984, dáàmù Jẹ́bà parí ní ìsàlẹ̀ Káínjì, ó sì ń tún omi Káínjì lò. Ní ọdún 1990 ni ti Ṣíróró lórí odò Kaduna. Nítorí pé odò kò kún bí ti àtijọ́ mọ́, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé wọn sún mọ́ omi, wọ́n sì ń dáko lórí ilẹ̀ tí àwọn baba wọn mọ̀ sí ilẹ̀ odò. Ní ọdún 1999, òjò pọ̀, adágún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kún. Kí dáàmù má baà fọ́, wọ́n ṣí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀. Omi tí ó tú jáde gbé ilé àti oko lọ ní ọ̀pọ̀ abúlé ní Ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara. Àwọn tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún wá omi tì rí i ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè lò lọ.

Ìjàmbá bẹ́ẹ̀ tún padà wá. Nínú àkúnya omi ọdún 2012, ènìyàn 363 kú ní Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n sì sá kúrò nílé ju mílíọ̀nù 2 lọ. Ní ọdún 2022, àwọn tí wọ́n kú ju 600 lọ. Kì í ṣe dáàmù nìkan ni ó fà á. Òjò ọdún méjèèjì pọ̀ rékọjá, omi láti dáàmù Lagdo ní ilẹ̀ Cameroon sì dá kún ti odò Benue. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kọ́ni pé ẹni tí ó bá di kọ́kọ́rọ́ dáàmù mú ń sin ọ̀gá méjì. Ọ̀gá tí ó ń fẹ́ iná ní kí adágún kún ní gbogbo ìgbà. Ọ̀gá tí ó ń bẹ̀rù àkúnya ní kí àyè ṣófo wà nínú rẹ̀ kí òjò tó dé. Ọ̀gá kẹta wà tí ohùn rẹ̀ kì í sábà dé etí ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú: ìsàlẹ̀ odò fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹja, àkùrọ̀ àti ènìyàn inú rẹ̀, tí ó ń fẹ́ kí omi dé ní ìwọ̀n tí ó yẹ àti ní àkókò tí ó yẹ.

Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe láti gbọ́ ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Áfíríkà ti dán an wò. Ní àríwá Cameroon, wọ́n kọ́ dáàmù Maga ní ọdún 1979 fún oko ìrẹsì. Àbàtà ńlá Waza àti Logone tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Ẹja dínkù, koríko màlúù sì bàjẹ́. Ní ọdún 1994 àti 1997, wọ́n la ojú ọ̀nà fún omi nínú ògiri ilẹ̀ tí ó ń dí odò lọ́nà. Kò sí pé wọ́n wó dáàmù. Apá kan omi náà ni wọ́n dá padà, síbẹ̀ koríko hù, àwọn ẹyẹ padà, àwọn apẹja sì tún rí ohun pa.

Ọ̀nà ti odò Senegal gba òfin kọjá. Dáàmù Manantali ní ilẹ̀ Mali parí ní ọdún 1988. Àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ní Senegal àti Mauritania kò rí ẹkún tí wọ́n fi ń dáko bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, ní ọdún 2002, àwọn orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí ìwé òfin omi kan. Ó wà nínú rẹ̀ pé kí wọ́n máa tú omi sílẹ̀ lọ́dọọdún láti dá ẹkún odò padà fún àwọn tí wọ́n ń gbé ìsàlẹ̀, àyàfi bí nǹkan bá ṣe àrà ọ̀tọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ìjà ti parí níbẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n kọ orúkọ ará ìsàlẹ̀ odò sínú ìwé ìṣirò: omi rẹ̀ di ẹ̀tọ́, kì í ṣe sàráà.

Nàìjíríà náà kò wà láìní òfin. Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ dá àwọn àjọ alábòójútó agbègbè odò sílẹ̀; èyí tí ó ń bójú tó ìsàlẹ̀ Odò Ọya lónìí wà ní Ìlọrin. Láti ọdún 1992, òfin ti béèrè pé kí wọ́n yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2008, àjọ Odò Ọya tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1964 ní ìwé òfin omi tirẹ̀. Ní ọdún 2010, òfin dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa fi apá kan owó iná tún àwọn agbègbè tí dáàmù pa lára ṣe. Ohun rere ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n owó kì í ṣe omi. Owó lè kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ apẹja, ó sì yẹ kí ó kọ́ ọ. Kò lè pe àrọ̀ wá yé ẹyin nínú àkùrọ̀ tí omi kò dé. Gbèsè omi, omi ni a fi ń san án, ní àkókò tí odò fúnra rẹ̀ ìbá ti mú un wá.

Ọ̀rọ̀ padà sí Ọ̀fà. Ìtàn ọgọ́ta ọdún yìí kò sọ pé kí ìlú má sé odò. Ẹni tí òùngbẹ kò gbẹ ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé kí wọ́n béèrè iye kí wọ́n tó gba ọjà, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò san án. Olùkọ́ tí ó bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí etí adágún Ọ̀yún lè bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó wà ní òkè omi yìí, kí ni ó sì ń dà sínú rẹ̀? Ta ni ó wà ní ìsàlẹ̀, oṣù wo ni ó sì nílò omi jù? Ta ni ó di kọ́kọ́rọ́ mú, ta ni ó sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀? Kò sí èyí tí ó le jù fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti wádìí, kò sì sí èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kò wúlò fún ìjọba ìbílẹ̀.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn Ọ̀yún àti Ọya fi kún un ni pé ìlú tí ó bá mọ orísun odò rẹ̀, tí kò sì mọ ibi tí omi náà ń lọ lẹ́yìn tí ó bá kúrò lọ́wọ́ òun, kò tíì mọ odò náà. Mọrèmi kò mọ iye tí Ẹsìnmìrìn yóò béèrè, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí tí yóò sọ fún un. Àwọn tí wọ́n ń sé odò lónìí kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀ mọ́.